Lọ́fíńdà Tí Wọ́n Gbà Lọ́wọ́ Opó

Wọ́n ní kí n dárí ji ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin nítorí pé ó ti darúgbó. Èmi náà ti darúgbó. Ta ló bá mi bẹ̀ ẹ́?

Nígbà tí ọkọ mi kú, obìnrin yìí ló kó gbogbo aṣọ aláràbarà mi lọ, pé opó kì í ṣe ara lọ́ṣọ̀ọ́. Mo gbà, àṣà ni. Ṣùgbọ́n ó mú ìgò lọ́fíńdà mi mọ́ ọn. Owó iṣẹ́ olùkọ́ tí mò ń ṣe ni mo fi rà á ní Kútọnù.

"Màá bá ọ tọ́jú rẹ̀, ìyàwó. Bí o bá bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, wàá wá gbà á."

Mo mọ lọ́fíńdà yẹn bí mo ṣe mọ ojú ọmọ mi. Bí mo bá fín in sára láàárọ̀, òórùn èèpo ọsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ló máa ń kọ́kọ́ jáde, ó kan díẹ̀, ó tutù, bí ìgbà téèyàn bu omi sójú nínú ooru. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọsàn á ti lọ, òdòdó funfun á gba ipò rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ló máa ń dà bí igi gbígbẹ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kò sì ní kúrò lọ́rùn aṣọ títí di ọjọ́ kejì.

Mo ṣì wà nínú aṣọ dúdú nígbà tó wá kí mi láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kó tó jókòó ni mo ti gbọ́ òórùn ọsàn.

"Ìyá, ṣé lọ́fíńdà mi lẹ fín sára yẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́fíńdà kẹ̀? Ọsàn ni mo bó jẹ lọ́nà. Ìyàwó, ọ̀fọ̀ ti ń da imú rẹ rú."

Àwọn obìnrin ilé bá a rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n gúnyán fún un, mo sì fi ọ̀rọ̀ dá a dúró títí oòrùn fi mú àpáta ẹ̀yìn ilé gbóná. Ìgbà náà ni òdòdó yọ lára rẹ̀. Gbogbo yàrá gbọ́ ọ.

"Ìyá," mo ní, "ọsàn tí ẹ bó ti tanná."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó dìde lórí iyán, ó lọ. Ìgò mi kò padà, èmi sì ni ẹbí bá wí, pé mo dójú ti àgbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó rán ọmọ rẹ̀ obìnrin sí mi láti Bónì níbi tó ń gbé. Ọmọ náà gbé ìgò tuntun lọ́wọ́, páálí rẹ̀ jọ tàtijọ́.

"Ìyá wa ní kí ẹ gbà á, kí ẹ sì gbàgbé."

Mo fín in sí ọrùn ọwọ́. Ọsàn. Omi fẹ́ bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́. Mo ní kí ọmọ náà jókòó, ká jọ dúró. Ní ọ̀sán, ọsàn ti lọ, òdòdó kò yọ. Nígbà tó fi dìrọ̀lẹ́, ọwọ́ arúgbó nìkan ló kù.

Mo dá ìgò náà padà sínú páálí rẹ̀.

"Sọ fún ìyá rẹ pé tèmi ni mo fẹ́," mo wí. "Kódà bó bá ti ṣófo."