Norval Tollefsrud àti Kámẹ́rà Ọlọ́rùn Gígùn

Ìtàn tí gbogbo ìlú Two Harbors ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ máa ń sọ nípa olóògbé Norval Tollefsrud ni ti ọjọ́ tó fi ìbọ̀wọ́ dójú ti aṣojú ilé-iṣẹ́ oníkámẹ́rà. Oṣù kìíní ọdún ni, òtútù ń ta èèyàn létí bí agbọ́n. Ọkùnrin náà wá láti ìlú ńlá, bàtà rẹ̀ ń dán, ó kó àwọn tó fẹ́ràn fọ́tò jọ sí yàrá ilé ìkàwé, ó ń fi kámẹ́rà tuntun hàn wọ́n. Ojú kámẹ́rà yìí kò ṣeé tú pààrọ̀ bíi ti àwọn kámẹ́rà olówó ńlá. Ọrùn ló ń nà jáde bí ìjàpá, á máa nà, á máa nà, títí tí ohun tó wà ní máìlì méjì á fi dé iwájú imú èèyàn. Aṣojú ní ẹni tó bá ti ní in kò nílò òmíràn mọ́ láyé.

Norval ti ń kọ̀wé nípa kámẹ́rà nínú ìwé ìròyìn ìlú fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà náà. Ó dìde, ó ní ọkọ̀ tó ń wá kó irin ti ń wọlé bọ̀ lórí adágún, kí gbogbo wọn jáde lọ wò ó. Nígbà tí wọ́n dé etí omi, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ aláwọ tirẹ̀, ó fi wọ ọkùnrin náà lọ́wọ́ méjèèjì, ó ní kó tan kámẹ́rà.

Ọkùnrin náà tẹ bọ́tìnnì, kò dáhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, àfi bó ṣe tẹ mẹ́ta pọ̀, kámẹ́rà sì yí èdè ojú rẹ̀ padà sí èyí tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò lè kà. Kó tó bọ́ ìbọ̀wọ́, ọkọ̀ ti gúnlẹ̀. Norval gba ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

“Kámẹ́rà dáadáa ni,” ó ní. “Ẹni tí kì í wọ ìbọ̀wọ́ ni kó rà á, níbi tí kì í tutù.”

Ardis ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó bá wọn rẹ́rìn-ín débi tí omi ojú rẹ̀ fi dì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tó yá, ó máa ń sọ pé bí òun bá mọ̀ pé ẹnu yẹn á wálé wá buni jẹ, òun ì bá ti fi ẹ̀rín náà pamọ́.

Kò sí kámẹ́rà tó dé ọwọ́ Norval tí kò kọ́kọ́ gbé lọ síwájú ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Ògiri bíríkì pupa ni, Norval sì ní ògiri bíríkì kì í purọ́: bí ojú kámẹ́rà bá wọ́, ìlà bíríkì á wọ́, bí etí àwòrán bá rọ̀, tí kò mọ́ kedere, bíríkì etí á rọ̀. Ní ogún ọdún gbáko, àwọn àgbà ìjọ ń wò ó tó ń ya ògiri yẹn lókè, nísàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n gbà pé ó ti rí ibi tí ògiri ti sán, tí kò fẹ́ fi dẹ́rù bà wọ́n. Wọ́n dá owó jọ, wọ́n pe bíríkìlà. Bíríkìlà ní ògiri náà á sin gbogbo wọn. Nítorí pé ó ti wá náà, ó tún ojú ìlà rẹ̀ rẹ́. Norval kò wá jọ́sìn fún oṣù kan, ó ní ìlà ògiri kò rí bákan náà mọ́, wọ́n ti ba iṣẹ́ ogún ọdún òun jẹ́.

Bó ṣe ń wo kámẹ́rà ló ṣe ń wo gbogbo nǹkan. Ardis ra ìkòkò kọfí tuntun, Norval gbé e wò lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé e wò lọ́wọ́ òsì, ó ní ìdí rẹ̀ wúwo ju orí lọ. Ardis dá a lóhùn pé òun ní nǹkan mìíràn nílé tó ní àléébù kan náà, òun kò sì tíì dá a padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọjọ́ tí ẹ̀rín náà korò ni ọjọ́ ìgbéyàwó Lowell, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Àbúrò bàbá ìyàwó ló ya fọ́tò. Norval tọrọ fọ́tò náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, inú wọn dùn, wọ́n rò pé ó fẹ́ fi wọ́n ṣe ìwé ìrántí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó dá wọn padà pẹ̀lú yíǹkì pupa lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ẹ̀yìn fọ́tò tí ọkọ àti ìyàwó ti ń fẹnu kora wọn lẹ́nu, ó kọ ọ́ pé: “Kéèkì ló mọ́lẹ̀ kedere. Àwọn méjì yìí bàìbàì.” Denae ìyàwó Lowell sunkún. Òun àti Lowell kó lọ sí Silver Bay, tí kò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ Kérésì nìkan ni wọ́n ń rí ọ̀nà wálé.

Nígbà tí Norval pé àádọ́rin ọdún, páálí kan ti ọ̀dọ̀ Lowell dé. Kámẹ́rà ọlọ́rùn gígùn ni, irú èyí tó ń mú òṣùpá wálẹ̀, pẹ̀lú ìwé kékeré kan: “Dádì, èyí á máa mú ohun tó jìnnà súnmọ́ yín.” Ardis ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó jókòó. Ó rò pé ìjà ti parí. Norval gbé kámẹ́rà lọ síwájú ògiri ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tó kọ rèé: kámẹ́rà náà fúyẹ́, ibi ìdìmú rẹ̀ bá ọwọ́ mu, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì rẹ̀ dà bí ẹyin èèrà. Bí ọrùn rẹ̀ bá nà tán, á máa gbọ̀n bí ọ̀mùtí. Ihò tí a ń gbà wòran ń pẹ́ kó tó ríran, ẹyẹ ti fò lọ kó tó sọ fúnni pé ẹyẹ wà níbẹ̀. Lábẹ́ oòrùn, àwòrán rẹ̀ ṣeé wò. Bí ìkúùkù bá bolẹ̀, á dà bí ẹni pé wọ́n da iyanrìn sí i. Ó wá fi gbólóhùn kan parí rẹ̀: Ohun tó jìnnà ṣì jìnnà.

Ardis bẹ̀ ẹ́ kó yọ gbólóhùn ìkẹyìn.

“Òótọ́ ni,” Norval wí.

“Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ọmọ rẹ ló rà á.”

“Ẹni tó rà á kò yí àwòrán padà.”

Ìwé ìròyìn jáde ní Ọjọ́bọ̀. Láti Ọjọ́bọ̀ yẹn, Lowell kò pe bàbá rẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́rin kọjá, Kérésì mẹ́rin, tábìlì ẹni méjì.

Denae ló wá rọra pe Ardis lọ́dún kẹrin. Ó ní Signe, ọmọ wọn, ti ń ṣọ́ ilé gólì fún àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá họ́kì orí yìnyín ní Silver Bay, gbogbo ọ̀sán Sátidé ni. Ardis sọ fún Norval. Ní Sátidé, Ardis rí i lẹ́nu ọ̀nà tó ti wọ kóòtù, kámẹ́rà ọlọ́rùn gígùn wà lọ́rùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ kò gbà á láti wakọ̀ mọ́, Ardis ló wà á.

Ó ní kó gbé ọkọ̀ sí ìkangun pápá ìgbọ́kọ̀sí tó kọjú sí pápá yìnyín, lẹ́yìn gbogbo ọkọ̀. Ó yí gíláàsì wálẹ̀, ó gbé àpò ẹ̀wà gbígbẹ lé ojú fèrèsé, ó gbé kámẹ́rà lé e kó má baà gbọ̀n, ó na ọrùn rẹ̀ tán. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń bú u: ẹ wò ó, kò rí ọmọ, ẹ wò ó, wáyà ọgbà ló mú, òpè ni, àkàrà tútù ni. Òtútù gba ojú fèrèsé wọlé, kọfí Ardis di omi òjò. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní Sátidé mẹ́tàlá.

“Sọ̀kalẹ̀ lọ kí wọn,” Ardis máa ń sọ fún un.

“Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn,” á ní. “Kí ni kí n lọ sọ?”

Ohun tó ń dun Ardis jù nìyẹn. Ohun tó ń sọdá pápá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan wà lọ́wọ́ Norval, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè sọdá ìlà ọkọ̀ mẹ́fà. Ó sọ fún un bẹ́ẹ̀. Norval ní òun gbọ́.

Ní oṣù kẹta, àyà ń ro ó, wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn. Dókítà fi àwòrán àyà rẹ̀ hàn án lórí ẹ̀rọ. Norval wò ó títí, ó ní dúdú àti funfun inú rẹ̀ kò yàtọ̀ tó. Dókítà ní ìyẹn kọ́ ni ìṣòro. Ọjọ́ kejì ni Norval kú.

Lowell dé fún ìsìnkú, ó gbé òkú bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin márùn-ún, kò sunkún. Lọ́jọ́ kejì ó jókòó ti ìyá rẹ̀ nínú ilé ìdáná, ó ń bá a wo ohun tó wà nínú kámẹ́rà lórí kọ̀ǹpútà. Àwòrán ẹgbẹ̀rún méjì ó lé. Ardis kò wò wọ́n rí. Ohun tó mọ̀ ni èébú tí wọ́n jẹ.

“Mọ́mì, kí ló dé tí Dádì ò pa wọ́n rẹ́?”

“Mo bi í. Ó ní àyè ṣì wà nínú kámẹ́rà.”

Lowell ń ṣí wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Signe rèé, bàìbàì. Signe rèé, ìdajì rẹ̀ ti jáde kúrò nínú àwòrán. Nígbà tí wọ́n dé bí àádọ́ta, Lowell dáwọ́ dúró. Ẹni tó wà láàárín àwòrán kì í ṣe Signe. Òun fúnra rẹ̀ ni, ó dúró lẹ́yìn ilé gólì pẹ̀lú fìlà pupa, ó ya ẹnu sílẹ̀, ó ń pariwo sí ọmọ rẹ̀. Ó ṣí èyí tó tẹ̀ lé e: òun ni. Èyí tó tẹ̀ lé e: òun ni, ó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sọ́wọ́. Sátidé dé Sátidé, ọrùn gígùn náà ti kọjá lára ọmọ lọ bá bàbá.

Ardis gbé ọwọ́ lé ẹnu.

Lowell sún mọ́ ojú ẹ̀rọ.

“Ó mú irùngbọ̀n mi dáadáa,” ó ní. “Ṣùgbọ́n ó rọ̀ díẹ̀ létí.”

Ohùn Norval gan-an ni, pẹ̀lú bó ṣe máa ń fa imú sókè. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Ardis kó tó mọ̀, Lowell yíjú sí i, ohun tó sọ yé òun náà, ó bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì bá ẹ̀rín náà jáde. Ardis fa àga rẹ̀ mọ́ ti ọmọ rẹ̀. Ó ní kó ṣí òmíràn.