Ìṣẹ́jú Kan Tí Ìkíni Gbà Tán

Aránṣọ ni Huguette ní abúlé kan lẹ́yìn Idigny, ṣùgbọ́n fóònù ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ilé ń ṣílẹ̀kùn fún. Rédíò kan ní Kétou ló yàn án pé kó máa gba ohùn àwọn ará abúlé. Ìṣẹ́jú kan péré ni fóònù náà ń gbà, lẹ́ẹ̀kan lóṣù fún abúlé kọ̀ọ̀kan; bó bá ti pé, á fi í ránṣẹ́ fúnra rẹ̀, kò sì ṣeé tún gbà. Tí rédíò bá gbé e jáde, àwọn aláṣẹ á fèsì.

Afárá ni abúlé náà ń wá. Bí òjò bá ti kún odò, kò sí alùpùpù tó lè dé ilé ìgbẹ̀bí. Bàbá Èṣùgbàyí ni wọ́n ní kó sọ ọ́: òun ni àgbà, Fabiola ọmọ rẹ̀ sì wà nínú oyún.

"Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o, Bàbá," ni Huguette wí.

"Kí ló dé? Ṣé ajá ń lé wa bọ̀ ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá húkọ́. "Ẹ̀yin aláṣẹ wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ̀yin ará rédíò, ẹ kú wàhálà wa…"

Huguette ń wo nọ́ńbà tó ń sáré lójú fóònù. Ogójì. Àádọ́ta. Ẹnu ń yún un, ṣùgbọ́n ta ló bí i tí yóò já ìkíni gbà lẹ́nu àgbà?

"Ọ̀rọ̀ wa ni pé…" ni Bàbá sọ dé tí ẹ̀rọ fi dákẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn aláṣẹ fèsì lórí rédíò: "A dúpẹ́ o. Ẹ bá wa kí gbogbo ilé."

Kí oṣù tó yí po, òjò dé. Ọkùnrin mẹ́rin gbé Fabiola dé etí odò, omi mù wọ́n dé àyà. Ibẹ̀ ló kú sí, tòun toyún.

Nígbà tó tún kan abúlé wọn, Bàbá ní, "Ìwọ ni kó o sọ ọ́." Huguette kò kí ẹnikẹ́ni. "Afárá la fẹ́. Fabiola kú sí etí odò wa."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ọkùnrin méjì tí àwọn aláṣẹ rán wá wọn odò. "Ẹ kú àráfẹ́rakù o…" ni ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn.

Huguette na fóònù sí wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ wo lẹ máa bẹ̀rẹ̀?"

"Huguette!" Àwọn ìyá pariwo mọ́ ọn. Kò sọ ọwọ́ kalẹ̀.

"Oṣù Kejìlá," ni ọ̀kan dáhùn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Èṣùgbàyí. "Bàbá, ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n ti já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu yín." Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ṣùgbọ́n kò ní kó dìde.