Ààbọ̀ Oògùn Bàbá Ràímì

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó pè mí. Ojú mi méjèèjì yìí ló rí i, lọ́sàn-án gangan. Mi ò sùn, ibà ò sì ṣe mí.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn kékeré kan lẹ́bàá Òmù-Àrán. Bàbá Ràímì, àgbẹ̀ kan láti Àgbàmú, máa ń wá sọ́dọ̀ wa ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, omi ń sun níbẹ̀, ó sì ń rùn. Kí n má purọ́ fún yín, ó máa ń rí mi lára. Kíákíá ni mo máa ń dá a lóhùn kó lè tètè máa lọ.

Ọjọ́bọ̀ kan, dókítà ní kó bẹ̀rẹ̀ oògùn tí ń fẹ iṣan ẹ̀jẹ̀. Ààbọ̀ hóró kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Díẹ̀díẹ̀ la máa ń fi kún oògùn yẹn, torí tó bá pọ̀ jù, agbára ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀ lójijì. Mo di imú, mo kọ 1 sára àpò oògùn, mo fa ìlà, mo kọ 2. Ìkánjú jẹ́ kí ìlà náà sùn gbalaja. Mi ò ṣàlàyé kankan.

Ràímì ọmọ rẹ̀ ti Èkó dé nítorí yìgì àbúrò rẹ̀, òun ló sì ń fún Bàbá lóògùn. Ó ka ohun tí mo kọ sí ọ̀kan sí méjì. Ó fún un ní méjì, kí Bàbá lè lágbára jókòó níbi yìgì. Bàbá dìde láti lọ ṣe àlùwàlá, òòyì kọ́ ọ, ó ṣubú. Kò dìde mọ́.

Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Ààbọ̀ tèmi dénú Bàbá, ó di ikú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Ràímì gbé àpò oògùn náà wá, ó ń sunkún.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, gbogbo ẹbí ní èmi ni mo pa bàbá mi. Ṣé mo ṣì í kà ni?"

Mo wo ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ. Ẹ wá gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi: "Ó yẹ kẹ́ ẹ ti béèrè."

Tùẹ́! Èmi náà! Bó ṣe lọ tán, mo dáná sun àpò náà lẹ́yìnkùlé, mo dúró tì í títí ó fi di eérú.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn aláìsàn ti lọ tán. Mo ń nu tábìlì lọ́wọ́ nígbà tí òórùn ẹsẹ̀ yẹn gbá mi nímú. Mo gbójú sókè. Bàbá Ràímì ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì.

Ẹ gbà mí gbọ́, omi ń kán látẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, tó, tó. Àpò tí mo sun wà lọ́wọ́ rẹ̀, iná ò kàn án rárá.

Mo ní: "Bàbá, ààbọ̀ ni. Ààbọ̀ ni mo kọ."

Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Èmi kọ́ ni kó o sọ fún. Ràímì ni."

Mo ṣẹ́jú báyìí, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n omi yẹn wà nílẹ̀ o. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ibẹ̀, òórùn náà ò lọ. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ò gbóòórùn nǹkan kan. Ìgbà tí mo gbé ọwọ́ mi sí imú ni mo mọ ibi tó ti ń rùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ oògùn fún èèyàn, ẹ kọ "ààbọ̀" gbangba, kẹ́ ẹ sì fẹnu yín sọ ọ́. Nọ́ńbà Ràímì wà lórí fóònù mi, mi ò tíì pè é. Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀.