Òórùn Inú Àpótí Dígí

Ní yunifásítì ni mo ti kà nípa ohun tó ń mú kí omi tí a fi ń sin ẹja máa rùn. Ọ̀rọ̀ náà kò kún ojú ewé kan. Ṣùgbọ́n kí n tó kà á, ó ti ná ilé wa l'Ádó ní ènìyàn kan.

Tíṣà ni bàbá mi. Ó rí ẹja nínú dígí ní pálọ̀ òyìnbó kan, kò sì sinmi títí ó fi ní tirẹ̀. Káfíńtà bá a kan férémù, bàbá mi fi ọ̀dà títì lẹ dígí fèrèsé mọ́ ọn, ó da yanrìn sí ìsàlẹ̀, ó kó ẹja wẹ́wẹ́ láti odò Àjílósun sínú rẹ̀. Ó gbé e ka tábìlì, ó sì fi kòbókò rẹ̀ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. A mọ ohun tí ìyẹn ń wí.

Kò pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Ó kọ́kọ́ ń kan bí omi ògì tó ti pẹ́, lẹ́yìn náà ó di òórùn òkú eku. Bàbá mi ń pààrọ̀ omi, kò tú yanrìn, nítorí òyìnbó náà ti ní kò gbọ́dọ̀ dà á rú. Òórùn ń padà. Ẹja ń kú léfòó. Bàbá mi ní ẹnìkan ló ń da nǹkan sí i. Lọ́jọ́ kan, ó nà wá, àwa ọmọ, títí ẹ̀yìn wa fi bó. Ìyá mi ní ó tó, ó nà án mọ́ wa.

Àbúrò bàbá mi ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àgbẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé, òun ló máa ń gbé mi kọ́ èjìká. Òórùn òógùn àti ewé iṣu ara rẹ̀ ṣì ń wù mí. Inú àwo kan ni òun àti bàbá mi ti ń jẹun láti kékeré. Ó fọwọ́ di imú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹja tí ẹ kò jẹ nígbà tó tutù, ṣé ìgbà tó bá rà tán lẹ ó sè é?”

“Ìwọ lo ń tọ̀ sí i.”

“Èmi? Ṣé igbó ti tán l'Ádó ni?”

Kòbókò bà á lójú kó tó rẹ́rìn-ín tán. Ó fi orí kan bàbá mi nímú. Bàbá mi gbé àpótí ìjókòó, ó là á mọ́ ọn lẹ́nu, eyín bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ṣubú lu tábìlì. Dígí fọ́, omi dúdú dà pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀, yanrìn tú káàkiri. Òkèlè iyán ló wà lábẹ́ rẹ̀, òmíràn ti hu irun.

Ìyá wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé, wọlé láti ìdí odó, ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀.

“Èmi ni mo ń fún wọn, bó o bá ti lọ sílé ìwé. Ṣé àlejò á wọ ulé mi kí n má fún un l'úyán?”

“Yèyé, ẹ ò gbọ́ òórùn ni?” bàbá mi bi í.

“Ẹja ni. Ìgbà wo ni ẹja ò rùn?”

Bàbá mi ju kòbókò sílẹ̀. “Àbúrò mi,” ó ní.

Àbúrò rẹ̀ tu ẹ̀jẹ̀. “Ẹ ò bi mí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí.”

Ó gbé ọkọ́ àti àdá rẹ̀, ó gba ọ̀nà Ìjan lọ, kò sì jẹun nílé wa mọ́.

Láti ìgbà náà ni Yèyé ti ń bu iyán àbúrò bàbá mi sọ́tọ̀, tó ń dé e sórí tábìlì yẹn, tí kì í jẹ́ kí a dà á nù títí yóò fi kan. Òórùn kan náà ni. Bàbá mi a jókòó tì í, kò ní fọwọ́ di imú.