Àdúrà Ìyá Méjì Lórí Ìjì Kan

Àsìkò ìkórè kòkó ni, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, tí àbúrò mi ọkùnrin pè mí láti Fúlórídà pé ìjì ńlá kan ń bọ̀ láti orí òkun. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ní kí n má sọ fún ìyá wa. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé fóònù sílẹ̀, ìyá wa ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú mi. Mo bá sọ fún un.

Ó béèrè ibi tí ìjì náà ń lọ. Mo ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ pàápàá ò tíì mọ̀. Èyí kò yé e. Ní Ìdànrè níbí, tí òjò bá ti ṣú lẹ́yìn àpáta, a mọ apá ibi tí yóò gbà wá. Mo fi àwòrán hàn án lórí fóònù: etí òkun gígùn kan, àti ohun funfun kan tó rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo, tí ẹnu rẹ̀ bo ìlú púpọ̀. Mo ṣàlàyé pé ibikíbi nínú funfun yẹn ni ìjì náà lè gúnlẹ̀ sí. Ìlú àbúrò mi wà nínú rẹ̀. Ìlú tí ọmọ ọ̀rẹ́ ìyá mi ń gbé, létí òkun kan náà, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní Aládé, nítòsí wa níbí, ni ọ̀rẹ́ ìyá mi yìí ń gbé. Àtìgbà ọmọge ni wọ́n ti jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun kan náà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ọkọ ni ọmọ náà bá lọ sí Fúlórídà, ọkọ ti kú, òun nìkan ló sì ń tọ́ àwọn ọmọ wọn. Bí ìyá náà ṣe gbọ́, ó gun ọ̀kadà wá bá wa, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró nílé rẹ̀. Àwọn méjèèjì jókòó ti kòkó tí a sá sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n ń fọwọ́ tú u ká, ìyá mi ń gbàdúrà pé kí ìjì náà yà fún ọmọ òun, èmi ń wo fóònù.

Lọ́sàn-án, àwòrán tuntun jáde. Ìjì náà ti yà kúrò lọ́nà ìlú àbúrò mi. Mo sọ ọ́ sókè, ìyá mi na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúpẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò dúpẹ́. Ó rọra bi mí pé ibo ló wá yà sí. N kò lè parọ́ fún un; mo ní ìlú ọmọ rẹ̀ ni.

Ó yíjú sí ìyá mi. "Ọ̀rẹ́ mi, nígbà tí o ní kó yà fún ọmọ tìrẹ, ibo lo ní kó gbà?"

Ọwọ́ ìyá mi wálẹ̀. N kò rí i kí ojú tì í tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tó ṣe, ó ní kí n pe àbúrò mi, ó gba fóònù, ó sì fi èdè Ìdànrè sọ fún un pé kó gba ọmọ ọ̀rẹ́ òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ sílé. Àbúrò mi gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́dọ̀ wa, obìnrin náà ti kó àwọn ọmọ sínú mọ́tò, ó ti wà lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, ìjì náà tún yà. Ìlú àbúrò mi ló kọjú sí.

Ọ̀rẹ́ ìyá mi ti sùn sọ́dọ̀ wa, mo sì sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì. Mo rò pé ọ̀rẹ́ ìyá mi yóò bínú, torí àwa la ní kí ọmọ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni. Mo pe àbúrò mi, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí gbogbo wọn sá. Ó ní ọ̀nà ti dí, àwọn arúgbó òun ò sì lè rìn. "Àǹtí mi, ta ni kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún?" Ó ti mú àlejò rẹ̀ àtàwọn ọmọ lọ sí ilé ìtọ́jú náà, torí pé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Lẹ́yìn èyí, fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́.

Àwọn ìyá méjèèjì bọ́ bàtà, wọ́n wọ aṣọ àdúrà, wọ́n kúnlẹ̀ sí pálọ̀ wa. Mo ń retí kí wọ́n júwe ọ̀nà fún ìjì náà. Wọn ò júwe rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá mi ni pé, "Olúwa, ibi yòówù kó gúnlẹ̀ sí, ọmọ ẹnìkan ló wà níbẹ̀. Dúró tì wọ́n." Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe àmín.

Nígbà tí ẹnìkan máa pè wá padà, ọmọ ọ̀rẹ́ ìyá mi ni. Fóònù olóore kan ló fi pè. Ó ní afẹ́fẹ́ ṣí apá kan òrùlé ilé ìtọ́jú náà, omi sì wọ ìsàlẹ̀. Òun àti àbúrò mi ló ń pọn àwọn arúgbó gun òkè. Àwọn ọmọ òun wà láàyè, èjìká àbúrò mi ló yẹ̀. Bàbá arúgbó kan kú mọ́ àbúrò mi lọ́wọ́ lórí àtẹ̀gùn. Ó ní ní ìlú tí òun ti sá wá, ewé kan kò já.

Ìyá mi kúnlẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ìyẹn fà á dìde. "Ká ní ọmọ mi jókòó sílé rẹ̀," ó ní, "ta ni ì bá bá ọmọ rẹ pọ̀n wọ́n?"

Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ìyá mi ò jó. Ó ti bi àbúrò mi léèrè nípa àwọn ẹbí bàbá tó kú náà, àbúrò mi sì ní òun ò rí kí ẹnikẹ́ni wá kí i rí. Ìyá mi tan àbẹ́là kan fún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dìde, ó tan òmíràn tì í.