Iyùn Tí Wọn Kì Í Tú

Sylvanus Ògúnyẹmí ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ wúrà. Akọ̀wé ìjọba ni tẹ́lẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló fi ṣe é ní ọ́fíìsì kan ní Ọ̀wọ̀, kí wọ́n tó fi lẹ́tà dá òun àti àwọn mọ́kànlá mìíràn dúró lọ́jọ́ kan náà, lọ́dún 1984. Ó jókòó sílé fún oṣù mẹ́fà. Nígbà tó rí i pé àwọn ará ilé ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí òun bá wọlé, ó gbéra, ó lọ bá Jímọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí.

Jímọ̀ kò tíì pé ogójì ọdún. Òrùka, yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn ló ń ṣe, bí baba rẹ̀ ti ń ṣe é. Ó yí àtẹ́lẹwọ́ Sylvanus síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Ọwọ́ yín mọ́ jù, Akọ̀wé."

Ṣùgbọ́n ó gbà á. Láti ọjọ́ náà ni Sylvanus ti ń pè é ní Ọ̀gá, tí òun náà ń pe Sylvanus ní Akọ̀wé.

Òrùka wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń so ẹ̀gbà ọrùn mọ́ra ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kò ju hóró àgbàdo lọ. Wọ́n á gbé e sórí èédú, wọ́n á fi ìyẹ́ adìẹ pa bóráàsì tútù, oògùn tó ń mú kí fàdákà ṣàn, sí ojú ibi tó ṣí. Wọ́n á gé fàdákà tí wọ́n ti pò mọ́ bàbà, kí ó kéré bí ẹyin eṣinṣin, wọ́n á fi ẹ̀mú gbé e lé ojú náà. Ègé yìí ló máa ń kọ́kọ́ yọ́, òun ló ń lẹ òrùka pọ̀. Wọ́n á wá fi ọ̀pá bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ iná fìtílà lù ú. Ẹnu ni wọ́n fi ń fẹ́ ẹ. Imú á máa mí wọlé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á máa tì í jáde. Èémí kò gbọdọ̀ já.

Èémí Sylvanus ń já. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òrùka tó yọ́ di hóró lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó lẹ̀ lọ. Jímọ̀ á kó wọn sínú agolo.

"Ẹ ń fi iná lé ègé yẹn kiri. Gbogbo ara òrùka ni kẹ́ ẹ mú gbóná. Òun fúnra rẹ̀ á wá ibi tó gbóná lọ."

"Mo gbọ́, Ọ̀gá. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ibo lẹ kọ ọ́ sí?"

"Inú ìwé."

"Iná kì í ka ìwé," ni Jímọ̀ wí.

Nígbà tó di oṣù kẹrin, mẹ́fà ń lẹ̀ nínú mẹ́wàá.

Ní ọdún 1985, ààwẹ̀ bọ́ sí ìgbà òjò. Jímọ̀ kì í fi ọ̀pá iná sẹ́nu ní ọ̀sán ààwẹ̀, kí ó má baà gbé itọ́ àti bóráàsì mì. Sylvanus, ọmọ Kátólíìkì, ló wá ń fẹ́ iná. Jímọ̀ á jókòó tì í, á máa fi ìka júwe.

Ọ̀sẹ̀ kan náà ni Fúnmiọlá, ẹ̀gbọ́n Sylvanus obìnrin, ń wá alágbẹ̀dẹ. Monica ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ ní Ìsuadà lọ́jọ́ Sátidé, iyùn ìyá Fúnmiọlá àti Sylvanus tó ti kú ni yóò wọ̀. Òrùka fàdákà tó ń so ó lẹ́yìn ọrùn ti ya. Ìyá náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ sín iyùn yìí. Nílé wọn, okùn tí òkú bá fọwọ́ ara rẹ̀ sín, wọn kì í tú u.

"Ẹ gbé e wá, mo lè ṣe é," ni Sylvanus wí.

Fúnmiọlá wò ó. "O ti mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Èyí kì í ṣe fáìlì o. Bó bá bàjẹ́, wọn ò lè tẹ òmíràn."

Ó pẹ́ kó tó gbé e lé e lọ́wọ́. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́, kò sí ẹni tó bẹ Sylvanus níṣẹ́ nínú ẹbí. Bí èyí bá yanjú, wọ́n á tún máa pè é sí ọ̀rọ̀ ilé. Bí kò bá yanjú, ó ti parí nìyẹn.

Ọjọ́bọ̀ ni. Jímọ̀ wo iyùn náà bó ti ń gbé kẹ́tùlù àlùwàlá nílẹ̀ láti lọ kírun Àílà, ìrun ọ̀sán.

"Ẹ tú iyùn kúrò lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó fi iná sí i. Inú òkun ló ti wá. Iná ń jẹ ẹ́."

"Mo gbọ́, Ọ̀gá."

"Ẹ má kàn kọ ọ́ sílẹ̀ o." Ó rẹ́rìn-ín lọ.

Sylvanus mú sísọ́ọ̀sì. Ó gbé e sún mọ́ okùn, ó rí kókó tí ìyá rẹ̀ ta, ó sì gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ó rẹ aṣọ sínú omi, ó fi wé iyùn náà, ó fi kìkì ibi fàdákà sílẹ̀. Ó pa bóráàsì sí i. Ó gbé ègé lé e. Ó fẹ́ iná.

Èémí rẹ̀ kò já. Gbogbo ara òrùka pọ́n pọ̀, ègé náà tàn yanran, ó sì ṣàn yí ojú ibi tó ṣí ká bí omi. Kò tíì ṣe èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ló gbóòórùn bí ìgbà tí irun ń jó. Etí aṣọ ti gbẹ. Ó tú u. Iyùn mẹ́ta tó sún mọ́ fàdákà ti funfun bí eérú. Bó ṣe gbé e sókè, okùn tó ti jó já, iyùn sì fọ́n káàkiri ilẹ̀. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Ó rí ogójì ṣà.

Jímọ̀ dé, ó wò ó. "Mo ní kẹ́ ẹ tú u."

"Wọn kì í tú u nílé wa."

Jímọ̀ jókòó.

"Ẹ̀ bá sọ fún mi. Wáyà ni ǹ bá fi dè é. Kò gba iná."

Fúnmiọlá dé lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Òrùka fàdákà ló kọ́kọ́ mú. Ó fà á, kò já.

"Èyí dára," ló wí.

Ó kó iyùn sí etí gèlè rẹ̀, ó ta á ní kókó. Àwọn mẹ́ta tó funfun náà, ó kó wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi..."

"A ó yá òmíràn. Má wulẹ̀ dààmú wá lọ́jọ́ Sátidé, Sylvanus. Òjò lè rọ̀."

Ó kí Jímọ̀ kú ààwẹ̀, ó lọ.

"Akọ̀wé," ni Jímọ̀ wí, "yẹtí mẹ́rin ṣì wà nílẹ̀ tí a ó ṣe."

Sylvanus pa fìtílà. Ó fi etí ẹ̀wù nu ẹnu ọ̀pá náà, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ èédú. Ó dìde, ó tẹ̀ sínú bàtà rẹ̀, ó sì lọ láì fọwọ́ kan yẹtí náà.