Ààlè Tí Mo Pa Sójú Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́

Òórùn rọ́bà bíréèkì tó gbóná ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí, lẹ́yìn náà ni inú á wá bí mi. Nígbà yẹn, àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún àwọn alágbádá ni, gbogbo wa sì rò pé ayé ti dẹ̀rọ̀. Mo ń gbé nítòsí Oko Ọba ní Agége, mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń hun bùláńkẹ́ẹ̀tì ní Ìkẹjà, kẹ̀kẹ́ ni mo sì ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ẹni tó bá mọ agbègbè yẹn lónìí kò ní gbà pé igbó wà níbẹ̀ rí. Igbó wà níbẹ̀. Àwọn igi gẹdú tí ìjọba àtijọ́ gbìn dúró lórí òkè kan tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sínú àfonífojì, odò kékeré kan ń ṣàn nísàlẹ̀, òkè mìíràn sì tún gbéra lódìkejì títí dé ẹ̀yìn ọgbà àwọn ilé-iṣẹ́. Bí èèyàn bá gba títì, á yípo títí á fi rẹ̀ ẹ́. Bó bá gba inú igbó, kò ní pẹ́ tí á fi dé. Aago méje àárọ̀ gééré ni wọ́n máa ń ti géètì wa, ẹni tó bá sì pẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi máńgòrò nítòsí ilé wa ló la ọ̀nà inú igbó náà. Ará Èkìtì ni wọ́n, bíi tèmi, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń la ọ̀nà sára òkè. Wọn ò jẹ́ kó já lulẹ̀ tààrà. Wọ́n gbé e gba ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n tún yí i sósì, gbogbo ibi tó bá sì ti yí ni wọ́n ti fi amọ̀ gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga kí táyà má baà yọ̀. Wọ́n gbẹ́ ojú àgbàrá sí i, wọ́n sì fi pákó mẹ́ta ṣe afárá sórí odò. "Omi ni ọ̀tá ọ̀nà," wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀, "kì í ṣe táyà." Ní Sátidé kan lóṣooṣù, gbogbo àwa tí à ń gba ibẹ̀ máa ń kó àdá àti ọkọ́ jáde láti yẹ ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń yẹ ọ̀nà oko nílé. Ará Èkìtì, ará Oǹdó, ará Ìjẹ̀bú, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ àtàwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, kò sẹ́ni tó ń yọ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti parí, a máa ń fi kẹ̀kẹ́ sáré sọ̀kalẹ̀ òkè yẹn láàárín àwọn igi, gbòǹgbò á máa gbé wa sókè, ẹ̀ka igi á máa nà wá lójú. Mo rò pé èmi lọ̀gá wọn. Mo máa ń sọ fáwọn ọ̀dọ́bìnrin ilé-iṣẹ́ wa pé n kì í fọwọ́ kan bíréèkì láti òkè délẹ̀, àmọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó máa ń tú àṣírí mi. Bàbá a máa rẹ́rìn-ín, wọ́n á tún bíréèkì náà ṣe fún mi.

Nígbà tó yá, ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í jí pákó afárá. Bàbá fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, wọ́n tún jí ìyẹn náà. Bàbá wá ní ká pín ara wa, ká máa ṣọ́ ibẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Èmi tí mo gbọ́n jù ní Agége, mo ní ojútùú tèmi.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká kàn pa ààlè sí i. Olè tó bá rí i á sá."

Wọ́n gbé pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà sílẹ̀. "Ta ló ni ọ̀nà?"

"Gbogbo wa ni, sà."

"Ohun tó bá jẹ́ tìẹ nìkan lo lè pa ààlè sí. Bó o bá pa á sójú ọ̀nà, o ti ti ọ̀nà nìyẹn. Olóòótọ́ èèyàn ló máa kọ́kọ́ yà kúrò, olè á kàn gba ẹ̀yìn."

Ohun tí àgbà rí níjòókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ibẹ̀, bàbá lọ sílé láti sin ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ ju oṣù kan lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n lọ gan-an, pákó kan tún pòórá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo fi òmíràn dí i, mo wá ri igi mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, mo so bàtà tó ti jẹ mọ́ ọn, mo so ìdí ìgbálẹ̀, ìkarawun ìgbín àti àkísà pupa. Ọmọ tó bá mọ ilé mọ ohun tíyẹn ń wí: ẹni tó bá kọjá ibí, ohun tó bá rí kó fara mọ́ ọn.

Pákó ò sọnù mọ́ lóòótọ́. Àmọ́ èèyàn ò kọjá mọ́. Àwọn tó ti gba Jésù, àwọn tó ń kírun wákàtí márààrún, kò sí ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dán ààlè wò. Gbogbo wọn padà sórí títì. Kí ló dé tí n kò yọ ọ́? Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ mọ̀ pé èmi ni. Èyí tó burú jù ni pé mo gbádùn rẹ̀. Èmi nìkan ni mo ni òkè náà, kò sí ẹni tí mo ń tẹ aago fún kó yà fún mi. Ìyá ọlọ́mọ kan wà ní ẹ̀ka ìrànwú wa, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Mo rí i lẹ́ẹ̀mejì tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn aago méje, ọmọ ń mì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ti ti géètì. Mo ti jókòó nínú ọgbà tipẹ́, n kò sì la ẹnu mi. Inú ń bí mi sí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn bí mo ṣe ń kọ èyí.

Òjò rọ̀, koríko bo ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ kan sì ti ń wá ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí. Kansẹ́lọ̀ wa kó wọn wá. Àwa la dìbò fún un o. Abẹ́ igi máńgòrò bàbá ló ti jẹ àgbàdo sísun nígbà ìpolongo, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀nà tí aráàlú bá ń gbà, ẹnì kan ò ní dí i lójú òun. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n lọ, nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ri òpó ọgbà wáyà mọ́lẹ̀ yí igbó náà ká.

Bàbá dé, wọ́n kó gbogbo wa lọ sí ọ́fíìsì kansẹ́lọ̀. Ó ti sanra díẹ̀.

"Bàbá, mo ṣèlérí lóòótọ́," ló wí. "Ẹ wo fọ́tò yìí. Koríko ti bò ó. Ẹ tún wo èyí." Ààlè mi ni. "Ọmọ Yorùbá ni mí, mo mọ ohun tí nǹkan yìí jẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ti ọ̀nà yín. Fáìlì ti kúrò lọ́wọ́ mi, sà."

Ariwo ta láàárín wa: ta ló pa á, ta ló pa á? Bàbá gbé ojú wò mí, fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Mo ń wo bàtà mi.

"Èmi ni," ni bàbá wí. "Èmi ni mo pa á kí n tó lọ sílé. Ẹ dárí jì mí."

Ìyá ọlọ́mọ yẹn wà níbẹ̀. Wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Kò pariwo. Ó kàn ní, "Bàbá, ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ mi."

Bí wọ́n ṣe gé àwọn igi náà nìyẹn, tí katakata sì tẹ́ òkè bàbá pẹrẹsẹ. Kò sẹ́ni tó gbé kẹ̀kẹ́ wá fún wọn tún ṣe mọ́. Kí ọdún tó yí, wọ́n palẹ̀ irinṣẹ́ wọn mọ́, wọ́n padà sí Èkìtì. Mo gbọ́ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ. Mo wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sì lè tọrọ àyè. N kò tọrọ.

Ó ti pẹ́ gan-an báyìí. Èmi náà ti dàgbà ju bàbá ti ìgbà yẹn lọ. Mo ti sọ ìtàn yìí níbi púpọ̀, mo fi ń bú kansẹ́lọ̀ àtàwọn olóṣèlú, mo bú wọn dáadáa, ó sì tọ́ sí wọn. Àmọ́ nígbàkígbà tí mo bá dé ibi ààlè, ohun tí mo máa ń wí ni pé bàbá kan báyìí ló pa á. Níbi ìpàdé àwọn ọmọ Èkìtì kan ní Ìkẹjà ni mo ti sọ ọ́ gbẹ̀yìn. Ọkùnrin kan dìde láti ẹ̀yìn, ó ní bàbá òun ni bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe náà, wọ́n ti kú, ó sì dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo wa láti tọrọ ìdáríjì fún wọn.

Mo jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ tán kí n tó ní kó dìde.